Ìnṣọ́ránsì Owó Pọ́ọ́kú: Ìtàn Ọ̀dọ́ Awakọ̀ àti Ìwé Mọ́tò ní Ìlú Ọba

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1967, Emil Savundra jókòó síwájú kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n ní Lọ́ńdọ̀nù, David Frost, ẹni tó ń darí ètò náà, sì ń da ìbéèrè bò ó. Àwọn opó wà lára èrò tó kún yàrá náà, àwọn tó ń retí owó lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tí Savundra dá sílẹ̀ tó sì ti wó. Savundra kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun ti ta iléeṣẹ́ náà, pé ẹ̀bi òfin kò kan òun, ẹ̀bi ẹ̀rí-ọkàn náà kò sì kan òun. Inú bí gbogbo ìlú. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn náà tí ọlọ́pàá fi gbé e.

Ohun tí ọkùnrin yìí ń tà kò ju ìwé pélébé lọ, ìwé tó ń jẹ́rìí pé mọ́tò tí ènìyàn ń wà ní ìnṣọ́ránsì. Ó tà á ní owó pọ́ọ́kú fún nǹkan bí 400,000 awakọ̀. Àwọn tó rà á kì í ṣe òmùgọ̀. Òfin ló ní kí wọ́n rà á, owó tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń pè sì wọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò tí ì tán nílẹ̀ títí di òní. Bí ọmọ ọdún 18 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì bá ń wá ìnṣọ́ránsì ní Ìlú Ọba, iye tí wọ́n máa pè fún un lè ju iye tó fi ra mọ́tò náà lọ. Bí wọ́n bá ti mú un rí pé ó sáré àsájù, tàbí tó ti fi mọ́tò kọ lu ẹlòmíì, iléeṣẹ́ mìíràn kò tilẹ̀ ní dá a lóhùn. Bí nǹkan ṣe dé ibẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ Yorùbá tó ń tọ́mọ ní Peckham tàbí Manchester mọ ìtàn náà dáadáa, nítorí pé ọmọ wọn náà ni ọ̀rọ̀ ń bá wí.

Mọ́tò ti ń pa ènìyàn ní Ìlú Ọba kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ẹni tó máa sanwó. Ní oṣù kẹjọ 1896, mọ́tò kan gbá Bridget Driscoll, ìyá ọlọ́mọ tó ń rìn lọ nínú ọgbà Crystal Palace, obìnrin náà sì kú. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí àkọsílẹ̀ sọ pé mọ́tò gbá pa níbi tó ti ń fẹsẹ̀ rìn ní ilẹ̀ náà. Àwọn tó wádìí ikú rẹ̀ ní àgbákò ni, wọn kò sì fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí òfin mọ́tò ti 1903 dé, ó ní kí awakọ̀ gba láísẹ́ǹsì ní ṣílè márùn-ún, kó sì ti pé ọmọ ọdún 17. Ìdánwò ìwakọ̀ kò sí. Ọmọ ọdún 17 tó bá ní ṣílè márùn-ún, tí bàbá rẹ̀ sì ní mọ́tò, lè gbé e sọ́nà lọ́jọ́ kan náà tó kọ́kọ́ fọwọ́ kan ìdarí rẹ̀.

Ìnṣọ́ránsì wà nígbà náà fún ẹni tó bá wù. Ní Lloyd's, níbi tí wọ́n ti mọwọ́ ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ ojú omi láti ayébáyé, wọ́n kọ́kọ́ ń kọ ìwé mọ́tò bí ẹni pé ọkọ̀ òkun tó ń rìn lórí ilẹ̀ ni. Àwọn dókítà, àwọn onílẹ̀ àti àwọn oníṣòwò ńlá ló ń rà á, nítorí àwọn ló ní mọ́tò. Àwọn ọdún 1920 ló yí nǹkan padà. Mọ́tò kékeré bí Austin Seven jáde ní 1922, Morris ń tẹ tirẹ̀ jáde lọ́pọ̀ yanturu, mọ́tò àlòkù sì ń bọ́ sọ́wọ́ akọ̀wé àti ọmọṣẹ́. Nígbà tó fi di 1930, nǹkan bí mílíọ̀nù méjì lé ní ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún ohun ìrìnnà oní-ẹ́ńjìnnì ló wà lójú pópó ní Britain. Ó lé ní 7,000 ènìyàn tí wọ́n pa lọ́dún náà. Lónìí tí mọ́tò ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, iye òkú ọdọọdún kò tó ìdajì ti ìgbà náà.

Bí mọ́tò bá gbá òṣìṣẹ́ kan, tó bá sì lọ sí kóòtù, adájọ́ lè dá a láre kó má rí kọ́bọ̀ gbà, nítorí pé awakọ̀ náà kò ní nǹkan kan lápò. Èyí ló mú kí Ilé Aṣòfin gbé òfin ojú pópó ti 1930 kalẹ̀, tí Herbert Morrison jẹ́ mínísítà ìrìnnà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1931, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wa mọ́tò lójú pópó láìní ìnṣọ́ránsì third party, èyí tó máa sanwó fún ẹlòmíì tí mọ́tò náà bá ṣe léṣe. Òfin dáadáa ni. Ó gba ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn là. Ṣùgbọ́n kò sọ gbólóhùn kan nípa iye tí awakọ̀ máa san, kò sì pa á láṣẹ fún iléeṣẹ́ kankan pé kó gba ẹni tó bá wá. Ìjọba ní kí o rà, ọlọ́jà ní òun kò tà fún ẹ, tàbí kó pe iye tí apá rẹ kò ká. Àárín ibẹ̀ ni ọ̀dọ́ awakọ̀ há sí láti 1931, ibẹ̀ náà ni àwọn gbájú-ẹ̀ ti ń bá a.

Wọ́n ò sì pẹ́ dé. Bí òfin ṣe mú kí gbogbo onímọ́tò di oníbàárà ní dandan ni àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké hù jáde, tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó, tí púpọ̀ nínú wọn sì wó láàárín ọdún mélòó kan. Ìgbìmọ̀ tí Felix Cassel darí yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ó sì mú ìjábọ̀ rẹ̀ wá ní 1937, ṣùgbọ́n ogun dé kí iṣẹ́ tó yá. Ní 1946 ni àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò àti ìjọba jọ fọwọ́ sí àdéhùn tó bí Motor Insurers' Bureau, àjọ tó ń sanwó fún ẹni tí awakọ̀ aláìní-ìnṣọ́ránsì bá ṣe léṣe. Àpò gbogbo iléeṣẹ́ ni owó náà ti ń wá, ìyẹn ni pé àpò gbogbo awakọ̀ ni. Ní àárín kan náà, láti oṣù kẹfà 1935, ìdánwò ìwakọ̀ ti di dandan fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Iye owó ńkọ́? Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Accident Offices Association ló ń dá a fún àwọn iléeṣẹ́ ńlá nígbà náà. Wọ́n ní ìwé iye kan ṣoṣo: agbára ẹ́ńjìnnì, àdúgbò, ohun tí wọ́n ń fi mọ́tò ṣe. Ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ tà kéré sí i. Ẹni tó bá lo ọdún kan láìbéèrè owó máa rí ẹ̀dínwó gbà lọ́dún kejì, ẹ̀dínwó náà á sì máa pọ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ètò yìí ṣe àgbàlagbà láǹfààní. Ọ̀dọ́ kò ní ọdún kankan nílẹ̀ tó lè tọ́ka sí, nítorí náà iye tó ga jù ló máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, àfikún ọjọ́ orí sì tún wà lórí rẹ̀. Kò yẹ kí a purọ́ fún ara wa níbí: ìṣirò àwọn iléeṣẹ́ kì í ṣe àròsọ. Títí di òní, nínú àwọn tó ń kú tàbí tó ń fara pa yánnayànna nínú ìjàmbá mọ́tò ní Ìlú Ọba, tó bí ìdá kan nínú márùn-ún ni ọwọ́ ọ̀dọ́ awakọ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn tó ní láísẹ́ǹsì. Ohun tó dun ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni pé ẹni tó ń rọra wakọ̀ ń san gbèsè ẹni tó ń sáré.

Inú ọjà tó rí báyìí ni Savundra wọ̀.

Ọmọ Ceylon ni, erékùṣù tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí. Ṣáájú kó tó dé ọ̀rọ̀ mọ́tò, wọ́n ti jù ú sẹ́wọ̀n ní Belgium ní 1954 nítorí ẹrù ìrẹsì kan tí báńkì sanwó lé lórí, tí ìrẹsì náà kò sì sí níbì kankan. Ó tilẹ̀ dé Ghana nígbà tí ilẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, tó ń lépa àdéhùn lórí ohun àlùmọ́ọ́nì, títí wọ́n fi lé e jáde. Ní 1963 ó dá Fire Auto and Marine sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Òfin ìgbà náà kò béèrè ju pé kí olùdásílẹ̀ ní 50,000 pọ́n-ùn nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ibi tó ti wá tàbí ohun tó ti ṣe rí.

Ọgbọ́n tó dá kò le. Kò wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń dá iye kan ṣoṣo, nítorí náà ó tà ní nǹkan bí ìdajì iye tiwọn. Ó lo kọ̀ǹpútà láti máa tẹ ìwé jáde kíákíá nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ àgbà ṣì ń fọwọ́ kọ tiwọn. Àwọn alágbàtà fẹ́ràn rẹ̀, ọ̀pọ̀ awakọ̀ sì rò pé olóore ni. Bí òwò ìnṣọ́ránsì ṣe rí gan-an ló bò ó láṣìírí. Oníbàárà ń sanwó lónìí, ìjàmbá ń bọ̀ lọ́la, kóòtù sì lè gba ọdún méjì mẹ́ta kó tó dá iye owó gbà-má-bínú. Iléeṣẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń dà bí ọlọ́rọ̀, bí alájọ tó ń gba owó ní àràárọ̀ tí oṣù kò sì tí ì parí. Bí oníbàárà bá sì ń pọ̀ sí i, owó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n máa fi san ti àwọn tó ti wà. Savundra ti ń kó nínú owó náà lọ. Ohun tó kọ sínú ìwé pé iléeṣẹ́ ní, ìwé owó ìjọba olówó gọbọi, ayédèrú ni, báńkì kan ní Liechtenstein tó wà lábẹ́ ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló sì ń jẹ́rìí sí i. Ó ra ilé ńlá, ó ń bá àwọn olówó fi ọkọ̀ ojú omi sáré ìje.

Ní oṣù keje 1966 ilé wó. Savundra ti ta ìpín rẹ̀, ó ti gba Switzerland kọjá sí Ceylon. Àwọn oníbàárà tó kù lójú pópó kò ní ìnṣọ́ránsì mọ́. Ẹni tó bá ti sanwó ọdún kan ní oṣù kẹfà ní láti wá owó mìíràn ní oṣù keje, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọlọ́pàá lè mú un. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó ti ní ìjàmbá ló ń retí owó tí kò sí. Ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù, bóyá ó rò pé apá òfin kò lè ká òun, ó sì gbà láti lọ bá Frost jókòó. Ní oṣù kẹta 1968, kóòtù Old Bailey rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́jọ, wọ́n sì bu owó ìtanràn 50,000 pọ́n-ùn lé e. Àwọn adájọ́ kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn bínú sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà pé kò yẹ kí tẹlifíṣọ̀n gba iṣẹ́ kóòtù ṣe kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tú u sílẹ̀. Ó jáde ní 1974, ó sì kú ní 1976.

Ìjọba ti jí lójú oorun nígbà náà. Òfin iléeṣẹ́ ti 1967 sọ 50,000 di 100,000, ó sì fún ìjọba lágbára láti wo ẹni tó fẹ́ dá iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì sílẹ̀ kí wọ́n tó gbà fún un.

Ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ ní 1967 tó kan àwọn aláwọ̀ dúdú gan-an. Àjọ ìwádìí kan tó ń jẹ́ PEP gbé ìjábọ̀ jáde lórí ẹ̀tanú ẹ̀yà ní England. Lára ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n rán ọkùnrin mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì kan, òyìnbó àjèjì kan àti ọmọ West Indies kan, lọ sí àwọn iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì mọ́tò. Irú awakọ̀ kan náà ni wọ́n pe ara wọn. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn iléeṣẹ́ náà yálà kọ ọkùnrin dúdú náà tàbí pe owó tó ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ fún un. Kò tí ì jẹ gbèsè ìjàmbá kankan, ibi tí wọ́n bí i sí ti tó láti kà á sí awakọ̀ burúkú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, àwọn tó ń kàwé òfin, tó ń kàwé ìṣirò owó, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ alẹ́ tí wọ́n sì ń fi mọ́tò àlòkù rìn. Ọjà kan náà ni wọ́n ń ná. Òfin ìbáṣepọ̀ ẹ̀yà ti 1968 ló kọ́kọ́ mẹ́nu kan ìnṣọ́ránsì, tó ní kí ẹnikẹ́ni má fi àwọ̀ tàbí ìran du ènìyàn ní in.

A máa rò pé ẹ̀kọ́ Savundra tó. Kò tó. Ní ọdún 1961 ni iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì Vehicle and General ti bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe iléeṣẹ́ olè paraku bí ti Savundra. Ẹ̀dínwó ńlá ló ń fún awakọ̀ tí kò bá béèrè owó, ó sì ń dàgbà kíákíá ju bí owó inú àpótí rẹ̀ ṣe lè gbé lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 1971 ó kéde pé òun kò lè sanwó mọ́. Àwọn awakọ̀ tó sún mọ́ mílíọ̀nù kan, nǹkan bí ẹyọ kan nínú mẹ́wàá ní gbogbo ìlú, ló jí láàárọ̀ ọjọ́ náà láìní ìnṣọ́ránsì. Ìwádìí ìjọba tó parí ní 1972 dá òṣìṣẹ́ ìjọba kan lẹ́bi nípàtó pé ó sùn lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn èyí ni òfin ààbò oníbàárà ti 1975 wá, tó ní bí iléeṣẹ́ kan bá wó, kí àwọn tó kù dáwó láti san gbèsè rẹ̀. Òfin yìí ló yẹ kí ó ti wà láti 1931. Ogójì ọdún ó lé ni àwọn òtòṣì awakọ̀ fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń lọ.

Láti 1982 ni ètò pọ́íǹtì ti wọlé, òun ló sì sọ orúkọ rere tàbí orúkọ burúkú awakọ̀ di iye tó ṣeé kà. Pọ́íǹtì 12 láàárín ọdún mẹ́ta, wọ́n lè gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹni fún oṣù mẹ́fà. Fún ẹni tuntun, ọ̀rọ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin àwọn awakọ̀ tuntun ti 1995, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1997, ní bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege bá gba pọ́íǹtì mẹ́fà láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, láísẹ́ǹsì rẹ̀ ti lọ. Á padà di akẹ́kọ̀ọ́, á sì tún ìdánwò méjèèjì ṣe, ti ìwé àti ti ojú pópó. Ẹ wá wo ìyà tó wà nínú rẹ̀: wíwakọ̀ láìní ìnṣọ́ránsì ń gba pọ́íǹtì mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú owó ìtanràn 300 pọ́n-ùn. Láti 2005 ọlọ́pàá lè gbé mọ́tò náà lọ lójú ẹsẹ̀, bí olówó rẹ̀ kò bá sì wá gbà á, wọ́n lè lọ̀ ọ́ di irin. Ọ̀dọ́ tí kò rówó ra ìnṣọ́ránsì, tó wá gbé mọ́tò sọ́nà, á pàdánù mọ́tò, á pàdánù láísẹ́ǹsì, fún ọdún márùn-ún tó tẹ̀ lé e á sì máa sọ fún gbogbo iléeṣẹ́ tó bá bi í léèrè pé wọ́n ti mú òun rí. Iye tí wọ́n máa pè fún un lẹ́yìn náà, ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àgbàlagbà.

Ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún náà lópin, èyí sì ni ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Òfin 1974 lórí ìdápadà àwọn tó ti ṣẹ̀ ní bí ẹ̀ṣẹ̀ ìwakọ̀ kékeré bá ti pé ọdún márùn-ún, ó ti gbó. Iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kò gbọdọ̀ fi ṣírò owó mọ́, awakọ̀ kò sì ní láti sọ ọ́.

Òwò náà fúnra rẹ̀ yí padà ní àkókò yìí. Direct Line bẹ̀rẹ̀ sí tà lórí tẹlifóònù ní 1985. Ní 1993 ni wọ́n dá Admiral sílẹ̀ ní Cardiff, iléeṣẹ́ tó mọ̀ọ́mọ̀ wá àwọn tí àwọn iléeṣẹ́ mìíràn ń sá fún, àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn ará ìlú ńlá, tó sì pe owó tó bá ewu wọn mu. Àwọn ènìyàn Admiral náà ló gbé Confused.com jáde ní 2002, tí awakọ̀ fi lè rí iye ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ papọ̀ lójú kan. Ní oṣù kẹta 2011, kóòtù àgbà ilẹ̀ Yúróòpù dájọ́ pé kí wọ́n má ṣe fi akọ tàbí abo dá owó mọ́, ìdájọ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejìlá 2012. Títí di ìgbà náà, ọmọbìnrin ọdún 18 ń san owó tó kéré gan-an sí ti ọmọkùnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ohun tó ran ọ̀dọ́ lọ́wọ́ jù nínú gbogbo rẹ̀ ni àpótí kékeré tí wọ́n ń so mọ́ inú mọ́tò. Norwich Union ló kọ́kọ́ gbé e sọ́jà ní 2006, tí owó fi ń tẹ̀lé ìgbà àti ibi tí ènìyàn bá wakọ̀. Ó jáwọ́ níbẹ̀ ní 2008. Insurethebox tún gbé e dé ní 2010, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Àpótí náà ń sọ bí awakọ̀ ṣe ń sáré, bí ó ṣe ń tẹ bíréèkì lójijì, bóyá ó ń jáde ní aago méjì òru. Àwọn kan ní amí ni. Wọ́n lè rò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ láti 1931, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ọ̀dọ́ lè fi ìwà ara rẹ̀ jẹ́rìí láàárín oṣù mélòó kan, dípò kó máa dúró de ọdún márùn-ún, kó sì máa san gbèsè àwọn ojúgbà rẹ̀.

Àwọn ọmọ Savundra náà kò sùn. Wọn kì í dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ mọ́. Fóònù lásán ló wà lọ́wọ́ wọn. Alágbàtà ayédèrú á gba owó ọ̀dọ́, á lọ ra ìwé gidi pẹ̀lú irọ́, á sọ ọmọ ọdún 19 di ẹni ọdún 45, á sọ ará Lọ́ńdọ̀nù di ará abúlé, lẹ́yìn náà á yí ìwé náà padà kó tó fi ránṣẹ́. Àwọn mìíràn á sanwó, á fagi lé e lọ́sẹ̀ kejì, á kó owó tí wọ́n dá padà sápò. Ọjọ́ tí ìjàmbá bá ṣẹlẹ̀ ni ọmọ náà máa mọ̀. Nítorí irú jìbìtì báyìí ni ọlọ́pàá City of London ṣe dá ẹ̀ka pàtàkì kan sílẹ̀ ní 2012. Irọ́ kan tún wà tí àwọn òbí fúnra wọn ń pa: kí bàbá ní òun lòun ń wa mọ́tò náà jù lọ, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ ló ń gbé e lọ síléèwé lójoojúmọ́. Jìbìtì nìyẹn náà lójú òfin. Iléeṣẹ́ lè fagi lé ìwé náà kó sì gba owó tó san fún ẹlòmíì padà lọ́wọ́ ìdílé.

Àwọn ará ilé wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nàìjíríà ń kó sínú ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà tiwọn. Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà kò ṣeé lò ju oṣù 12 lọ fún ẹni tó wá fi Ìlú Ọba ṣe ilé. Lẹ́yìn náà kó lọ ṣe ìdánwò láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá ẹni ọdún 40 tó ti wakọ̀ láti Ìbàdàn dé Èkó fún ogún ọdún á rí i pé awakọ̀ tuntun ni wọ́n kà á sí, ọdún àìbéèrè owó rẹ̀ kò sí nínú àkọsílẹ̀ ẹnikẹ́ni. Àdúgbò tó ń gbé sì lè dá kún un. Ní 2022, àjọ Citizens Advice gbé ìwádìí jáde tó fi hàn pé àwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun ń san nǹkan bí 250 pọ́n-ùn ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ lọ́dún lórí ìnṣọ́ránsì mọ́tò. Àwọn iléeṣẹ́ ní àwọn kì í béèrè àwọ̀ ẹnikẹ́ni, ewu àdúgbò làwọn ń ṣírò. Ẹni tó bá ka ìjábọ̀ 1967 á rí i pé àbájáde kò jìnnà síra.

Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn tó yẹ kí Ìlú Ọba ti wò. Massachusetts sọ ìnṣọ́ránsì di dandan láti 1927, ọdún mẹ́rin ṣáájú Britain. Ní 1938, New Hampshire bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí àwọn ìpínlẹ̀ yòókù wá kọ́: awakọ̀ tí gbogbo iléeṣẹ́ bá kọ̀, kí wọ́n pín wọn fún àwọn iléeṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí oníkálukú ṣe tóbi tó. Owó rẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò sí níta. Ní 1988 àwọn ará California dìbò fún Proposition 103, tó ní kí ìwà ẹni lójú pópó, iye máìlì tó ń rìn àti ọdún tó ti fi ń wakọ̀ jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fi dá owó, ṣáájú ibi tó ń gbé.

Ní ilé, a jogún òfin Gẹ̀ẹ́sì láìjogún gbogbo ìyà rẹ̀. Royal Exchange ti ṣí ẹ̀ka sí Èkó láti 1921. Ìjọba amúnisìn ṣe òfin ìnṣọ́ránsì third party fún Nàìjíríà ní 1945, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1950, ọmọ bíbí òfin 1930 ni. Òfin ìnṣọ́ránsì ti 2003 fi owó ìtanràn 250,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún kan kún un. Ṣùgbọ́n iye kan náà ni gbogbo onímọ́tò aládàáni ń san fún third party: 5,000 náírà fún ọ̀pọ̀ ọdún, 15,000 láti oṣù kìíní 2023, tí iléeṣẹ́ sì lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà fún ohun ìní ẹlòmíì tó bá bàjẹ́. Ọmọ ọdún 19 tó ti kọ lu mọ́tò mẹ́ta ní Ìkòròdú ń san ohun tí ìyá àgbà tó ń rọra wakọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ń san. Ohun tó ń yọ wá lẹ́nu ni ìwé ayédèrú tí wọ́n ń tà nídìí ibi tí wọ́n ti ń tún pátíkúlà ṣe, àti iléeṣẹ́ tó ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la nígbà tó bá kan sísanwó. Ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí wo ìwé náà lójú méjèèjì láti oṣù kejì 2025. Ní ọdún kan náà ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin àtúnṣe ìnṣọ́ránsì tuntun, tó ní kí owó ìpamọ́ wà láti dáàbò bo oníbàárà. Àádọ́ta ọdún gééré ló wà láàárín rẹ̀ àti òfin 1975 ti Ìlú Ọba.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnikẹ́ni bá pe owó ìnṣọ́ránsì tó kéré ju ti gbogbo ọjà lọ, tó sì ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àpò òun fúnra rẹ̀, ẹ má tí ì sanwó. Ẹ béèrè orúkọ iléeṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì pe iléeṣẹ́ náà fúnra yín. Bí ìwé bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ wo nọ́ńbà mọ́tò náà nínú àkọsílẹ̀ Motor Insurers' Bureau bí ẹ bá wà ní Ìlú Ọba, tàbí nínú ti ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò, NIID, bí ẹ bá wà ní Nàìjíríà. Bí nọ́ńbà náà kò bá sí níbẹ̀, ẹ má gbé mọ́tò náà sọ́nà.